Ẹni Tó Máa Pẹ́ Lọ́nà Ló Yẹ Kó Yan Ọ̀nà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọmọ Kenya kan, Kelvin Kiptum tó ti di olóògbé báyìí, fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 sá máratọ́ọ̀nì Chicago parí. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, tàbí tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, tó ń jí sáré ní kùtù kó tó wá ọkọ̀ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, yóò lo wákàtí mẹ́rin àbọ̀, márùn-ún, tàbí mẹ́fà pàápàá lórí kìlómítà 42.195 kan náà. Àwọn èèyàn máa ń wo ìyàtọ̀ yìí bíi pé ọ̀rọ̀ agbára lásán ni. Èmi ò wò ó bẹ́ẹ̀. Irú Kiptum kì í ráyè wo ohunkóhun ju ẹsẹ̀ rẹ̀ àti aago ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó mú dáadáa, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun. Ẹni tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn ni ọ̀nà di ilé fún lọ́jọ́ náà. Orí rẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti bínú sí ara rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nítorí eré ìje, ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo orúkọ. Bó bá sì wo ọ̀nà dáadáa, eré kékeré tí wọ́n ń sá níbi tí ilẹ̀ ti rẹwà ni yóò mú, yóò fi ti ìlú ńlá sílẹ̀.

Ti ìlú ńlá kì í ṣe eré yẹpẹrẹ o. Ní London ní oṣù kẹrin ọdún 2025, èèyàn 56,640 ló sá a dópin. Ṣùgbọ́n àtiwọlé gan-an ni eré àkọ́kọ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ti ọdún 2026 lé ní mílíọ̀nù kan, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láti mú èyí tó máa wọlé nínú wọn. Ẹni tí kèké kò bá mú, àfi kó lọ ṣagbe owó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú kan, tàbí kó bá àwọn tó ń ta àyè mọ́ ìrìnàjò dọ́wọ̀ọ́ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń rà lówó ńlá náà ni ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èrò tó ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti wákàtí tó ṣeé fi yangàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń lé wákàtí, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tí kò lé e ńkọ́? Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni yóò máa wò fún wákàtí márùn-ún, yóò sì máa tẹ ike omi tí àwọn aṣáájú ti jù sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iye kìlómítà ni eré yìí, pé kò sí ohun tó kan ọ̀nà nínú rẹ̀. Ọ̀nà ló bí iye náà. Nígbà eré Òlíḿpíìkì London ní ọdún 1908, wọ́n fẹ́ kí àwọn sárésáré gbéra ní ààfin Windsor, kí wọ́n sì parí rẹ̀ níwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí nínú pápá. Bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó ni 42.195. Ṣáájú ìgbà náà, ibi tí ilẹ̀ bá gùn dé ni wọ́n ń sá a dé; ọdún 1921 ni àjọ eré sísá àgbáyé tó wá sọ iye yẹn di òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá mú eré kékeré kan wò fínnífínní. Ní Kenya, níhà àríwá òkè ńlá tó fún orílẹ̀-èdè náà lórúkọ, èyí tó ga ní mítà 5,199, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Lewa. Oko màlúù ìdílé Craig ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1970, nǹkan bí 20,000 àgbáǹréré dúdú ló wà ní Kenya. Àwọn tó ń pa wọ́n nítorí ìwo jẹ́ kí wọ́n kù sí abẹ́ 400 kí ọdún 1990 tó dé. Pípa náà ló mú kí wọ́n ya apá kan oko náà sọ́tọ̀ fún àgbáǹréré ní ọdún 1983. Nígbà tó di ọdún 1995, gbogbo oko náà ti di ọgbà ẹranko igbó, nígbà tó sì di ọdún 2013, àjọ UNESCO fi kún ilẹ̀ ogún àgbáyé tó yí òkè Kenya ká. Ọdún 2000 ni eré ìje wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn alábòójútó Lewa àti ẹgbẹ́ aláàánú Tusk ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ láti fi wá owó. Ìparí oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń sá a lọ́dọọdún, àwọn tí wọ́n sì ń gbà kì í ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ. Nínú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn mọ́jú ọjọ́ eré. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà wọn. Erùpẹ̀ ni, tó ń gòkè tó ń sọ̀ láàárín koríko gígùn àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí orí wọn tẹ́ bí agbòjò. Òbìrípo kìlómítà 21 ni: ẹni tó ń sá ìdajì yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń sá odindi yóò yí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìdajì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá ní Lewa. Tí wọ́n bá ti yípo kan, wọ́n á yà sídìí mẹ́dàlì wọn, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á nà sábẹ́ ibòòji. Ẹni tó fẹ́ ṣe odindi ń lọ ní tirẹ̀. Ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán ló tún fẹ́ gbà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà àárọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti lọ erùpẹ̀ rẹ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́, oòrùn ti kúrò lójú, ó ti gun àtàrí, ẹni tó wà níwájú ti di àmì kékeré kan lára òkè tó kàn. Hẹlikọ́pítà ń kùn lókè. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà gbórí sókè nínú koríko, wọ́n wo ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń làágùn kọjá, wọ́n sì tún dorí kodò. Aago ọwọ́ kò wúlò níbí. Òkè, erùpẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú wákàtí tó ń mú níbòmíràn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bi ẹnikejì ní iye tó lò. Òmìnira ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹni tí kò lè sáré ló ń wá ẹwà kiri. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Kí la fẹ́ kí ẹni tí kò lè sáré fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀ ṣe? Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ní Lewa, erin wà lóòótọ́, bó bá ti abuké kúrò.

Ara ni yóò san owó ẹwà náà, ó sì yẹ kí ará Èkó mọ iye tó máa san. Bèbè òkun ni Èkó wà. Lewa ga tó nǹkan bí mítà 1,700 sí òkun. Níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, èémí kan ṣoṣo kì í gbé ju bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ́síjìn tí irú èémí kan náà ń gbé ní Èkó lọ. Ara máa ń wá ọ̀nà sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa pèsè ohun tí yóò fi gbé ọ́síjìn sí i, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èyí ń gbà, ta ni ọ̀gá rẹ̀ máa fún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí eré? Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ni kéèyàn tètè dé Nairobi, nítorí ìlú náà fúnra rẹ̀ ga ju Lewa lọ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tó bá sùn níbẹ̀ kì í ṣe òfo. Èyí tó kù, ilé ni yóò ti ṣe é. Ará Ìbàdàn ní Òkè Àárẹ̀, ará Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òkè hàn án, ará Èkó tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí àwo ni yóò fi afárá Lekki sí Ìkòyí ṣe òkè, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, láàárọ̀ Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ó kéré tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó gùn jù, kó sá tó kìlómítà 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, kó dín in kù, kí iṣan lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà sódì. Gbogbo wa la mọ̀ pé òùngbẹ lè gbé èèyàn ṣubú. Èyí tí a kò mọ̀ tó ni pé omi àmujù náà léwu, àwọn tó ń pẹ́ lọ́nà ló sì ń bá jù. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà gbé jáde ní ọdún 2005 yẹ ẹ̀jẹ̀ 488 èèyàn tó sá máratọ́ọ̀nì Boston ní ọdún 2002 wò. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí omi ti pọ̀ jù lára wọn. Àwọn tó lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, àti àwọn tó wúwo sí i láàárín ìbẹ̀rẹ̀ eré àti òpin rẹ̀, ló wà nínú ewu náà jù. Ẹni tó bá ń sáré tó ń wúwo sí i, omi ló ń kó sára. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: Kiptum kò ráyè mumi ju ìwọ̀nba lọ, ẹni tó lo wákàtí márùn-ún yóò kọjá gbogbo ibi omi, yóò sì máa dúró níbi gbogbo nítorí pé ìdúró ló ń wá. Kéèyàn mu omi nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó sì fi iyọ̀ díẹ̀ tàbí ohun jíjẹ díẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìwé ìrìnnà máa ń pa eré ju òkè lọ, ibẹ̀ ló sì ti yẹ kí ọmọ Nàìjíríà fara balẹ̀ yan ibi tó ń lọ. Ẹ wo Tromsø ní Nọ́wè. Ìlú náà jìnnà sí àríwá débi pé láti bí ìparí oṣù karùn-ún títí wọ inú oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹfà, alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ máratọ́ọ̀nì wọn, àwọn tó bá pẹ́ lọ́nà á sì máa wọlé ní òru pẹ̀lú oòrùn lójú. Bí ẹwà nìkan bá ni, mo gbà pé ó ju Lewa lọ. Àmọ́ físà Schengen ni ọ̀nà rẹ̀: owó yúrò 90 tí wọn kì í dá padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìwé adójútòfò ìlera tí kò gbọ́dọ̀ dín ní yúrò 30,000, ìwé báǹkì, ìwé ibi iṣẹ́, ẹ̀rí pé èèyàn máa padà wálé. Ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní Peckham kò nílò ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, Tromsø dára fún un. Ti Kenya rọrùn fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba wọn pa físà rẹ́, tí wọ́n fi àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Òfin yìí kì í dúró lójú kan, nítorí náà kéèyàn wò ó lójú òpó ìjọba wọn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó má gbọ́ ti ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Káàdì yẹ́lò, ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, kò ṣeé fi sílẹ̀. Bàálù tó lọ tààrà láti Èkó sí Nairobi yóò lo bíi wákàtí márùn-ún, ibẹ̀ la ti ń wọ mọ́tò gba Nanyuki lọ sí Lewa, tàbí bàálù kékeré fún ẹni tí owó kò dùn.

Wọ́n á ní, ṣé Èkó kò ní tirẹ̀ ni? Ó ní i. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá máratọ́ọ̀nì Èkó, tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, mo sì rò pé ibẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ní ìhà wa ti kọ́kọ́ sá odindi kó tó gbé ara rẹ̀ lọ sókè òkun, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí kìlómítà 35 ń ṣe sí òun kò gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ láàárín ẹfọ̀n. Òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River náà bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní ọdún 2005, kìlómítà 11.25 tó ń gun òkè láti ìsàlẹ̀ dé ibi ìgbafẹ́ tó wà lókè, ẹni tó bá gùn ún ti gùn nǹkan. Àmọ́ ti Èkó, eré ìlú ńlá ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ìlú ńlá. Ti Obudu kò tó odindi. Bí àwọn aláṣẹ Òǹdó bá rò ó wò lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fa ọ̀nà kan káàkiri àwọn àpáta Ìdànrè, kí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún èèyàn péré, èmi á yí ọ̀rọ̀ mi padà nípa tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Àtakò tó tún kù ni ti ẹ̀rù. Kìnnìún wà ní Lewa, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìyẹn tó burú jù bó bá dá wà, kò sì sí odi láàárín wọn àti sárésáré. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé láti ìdájí, hẹlikọ́pítà àti bàálù kékeré á ti gbéra láti wá ibi tí ẹranko wà kiri, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó gbé ìbọn á sì wà káàkiri ọ̀nà láti darí èyí tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn gba ibòmíràn. Ìdí kan nìyí tí eré náà fi gbọ́dọ̀ kéré. Ojú tó wà lókè kò lè ṣọ́ èèyàn 50,000. Kékeré tí a ń pè é yìí, òun gan-an ni ààbò rẹ̀. Ti ìdáwà lójú ọ̀nà, òótọ́ ni: kò sí ẹni tí yóò pariwo orúkọ yín ní kìlómítà 33. Ẹni tí ariwo èrò ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má lọ.

Èyí tó wúwo jù nínú àtakò náà kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní Kenya fúnra rẹ̀, àwọn kan wà tí inú wọn kò dùn sí ètò ìdáàbòbò ẹranko. John Mbaria àti Mordecai Ogada, ọmọ Kenya méjèèjì, kọ odindi ìwé láti fi béèrè pé ta ni ó nílẹ̀, ta ló ń jèrè lórí ẹranko, àti ìdí tí ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó gbà nígbà ìjọba amúnisìn fi jẹ́ pé àlejò ló ń gbádùn rẹ̀ ju darandaran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó yẹ ni, mi ò sì rò pé mẹ́dàlì kan lè dáhùn rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó eré yìí ní ibi tó ń lọ tí ojú lè rí: ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti omi fún àwọn abúlé tó yí Lewa ká, pẹ̀lú ìṣọ́ àgbáǹréré. Owó tí èèyàn ná ní London, ó ṣòro láti tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan. Kéèyàn lọ, kó sì mọ orí ilẹ̀ tó ń sá lé, ó sàn ju kó lọ bí ẹni pé igbó òfo ni lọ.

Àléébù kan wà lára eré kékeré tí mi ò ní fi pa mọ́. Ó tètè ń ṣubú. Òjò kan tó ba ọ̀nà erùpẹ̀ jẹ́, ìjà ààlà kan, onígbọ̀wọ́ kan tó fà sẹ́yìn, ó tó láti sún un síwájú tàbí kó fagi lé e. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020, ńlá àti kékeré ló dúró, àmọ́ àwọn ńlá ní owó nípamọ́ tí wọ́n fi padà dìde. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í sì bá eré dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ òfin ìdápadà owó sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ sì béèrè bí dókítà bá máa wà lójú ọ̀nà títí ẹni ìkẹyìn yóò fi wọlé, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹni ìkẹyìn náà.